Òjé Inú Amọ̀ Mànàmáná, àti Bí A Ti Ń Mọ Èyí Tí Kò Ní Òjé

Ẹ̀yin ará wa ní Joga-Orílẹ̀, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti ní ilẹ̀ Yewa káàkiri títí dé ẹnu ibodè, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ amọ̀ àti iná. Kò sí ẹnìkan nínú yín tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe àjèjì sí pátápátá. Àwọn ìyá wa ti ń gún amọ̀, wọ́n ti ń mọ ìkòkò àti àmù àti ìsàasùn, wọ́n sì ti ń sun wọ́n, kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ wa. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa tiwa yìí bákan náà, láti ọdún 2012 ni a ti ṣí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote ní Ibese, níbi tí a ti ń lọ òkúta ẹfun mọ́ amọ̀, tí a sì ń sun ún nínú iná tí ó tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí yóò fi di nǹkan mìíràn tí kì í ṣe òkúta ẹfun, tí kì í sì í ṣe amọ̀ mọ́.

Amọ̀ kẹta wà, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń lò tí a kò sì mọ̀ pé ó wà. Bí ẹ bá tẹ láítà tí a fi ń tan gáàsì ìdáná, tí ó dún "kà", tí iná kékeré sì ta ní ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò sí bátìrì nínú rẹ̀, amọ̀ yìí ni ó wà níbẹ̀. Òòlù kékeré kan ni ó lù ú lórí, ó sì tú mànàmáná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì jáde. Bí aboyún bá lọ fún síkáànì, tí nọ́ọ̀sì ń fi orí ẹ̀rọ ra ikùn rẹ̀, amọ̀ yìí ni ó wà ní orí ẹ̀rọ náà. Ó ń gbọ̀n, ó ń ké ariwo tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Nígbà tí ariwo náà bá sì kọlu ọmọ inú tí ó padà, amọ̀ kan náà ni ó ń gbọ́ ọ, tí ó ń sọ ọ́ di mànàmáná, tí mànàmáná sì ń di àwòrán. Àwọn onímọ̀ ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní ferroelectric. Láti ara orúkọ irin ni wọ́n ti fà á yọ, nítorí pé ó ń hùwà sí mànàmáná gẹ́gẹ́ bí irin ti ń hùwà sí òòfà, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí irin fi ní láti wà nínú rẹ̀. A kò fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀. Amọ̀ mànàmáná ni a ó máa pè é níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹ̀fun òkúta lílọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, kì í ṣe amọ̀ etí odò.

Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú amọ̀ mànàmáná, òjé ju ìdá 60 lọ nínú 100 bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n. Nítorí èyí ni a ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ni òjé ń ṣe níbẹ̀? Kí ni ó dé tí a fi fẹ́ lé e jáde? Báwo ni a sì ṣe ń mọ èyí tí kò ní òjé, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bá a jìjàkadì láti ọdún pípẹ́, tí ó sì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú amọ̀ náà. Bí ojú wa bá lè rí ohun tí ó kéré jù, a ó rí i pé yàrá wẹ́wẹ́ ni a fi kọ́ ọ, yàrá lórí yàrá láìníye. Ẹ mú èyí tí a ń pè ní bárìọ́mù títánétì. Ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yàrá náà ni bárìọ́mù wà; ní àárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti òrùlé, àti ilẹ̀, ni ọ́síjìn wà; títáníọ́mù sì jókòó láàrin yàrá. Nígbà tí ó bá gbóná púpọ̀, títáníọ́mù a jókòó sí àárín gan-an. Ṣùgbọ́n bí ooru bá wá sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 120, títáníọ́mù a sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mànàmáná rere ni ó wà lára rẹ̀, mànàmáná òdì sì wà lára ọ́síjìn. Nítorí náà yàrá tí títáníọ́mù sún nínú rẹ̀ ti ní orí, ó sì ti ní ìdí. Àwọn yàrá tí ó wà nítòsí a máa bá a kọjú sí ọ̀nà kan náà. Àdúgbò kejì lè kọjú sí ibòmíràn, ẹ̀kẹta sí ibòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi ń pa agbára ara wọn. Bí ìjọ ni ó rí, tí agbo kan kọjú sí ilẹ̀kùn, tí agbo kan kọjú sí fèrèsé, tí ẹlòmíràn kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ. Bí a bá fi mànàmáná líle bá amọ̀ náà wí, gbogbo agbo yóò yí ojú sí ọ̀nà kan, wọn kì yóò sì padà nígbà tí a bá mú mànàmáná náà kúrò. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá tẹ̀ ẹ́, mànàmáná yóò tú jáde ní ojú rẹ̀ méjèèjì; bí a bá sì fún un ní mànàmáná, yóò wú tàbí yóò súnkì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún 1880 ni Jacques Curie àti Pierre Curie, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi hàn ní Paris pé àwọn òkúta kan a máa mú mànàmáná jáde bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1920 ni Joseph Valasek, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, rí iyọ̀ kan tí a lè yí mànàmáná inú rẹ̀ padà síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́, omi ń yọ́ ọ. Nígbà ogun ńlá kejì ni àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn ará Japan, olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣàwárí bárìọ́mù títánétì. Èyí ni amọ̀ mànàmáná àkọ́kọ́. A lè mọ ọ́n sí ìrí tí ó bá wù wá, omi kò yọ́ ọ, kò sì sí òjé kankan nínú rẹ̀. A fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé amọ̀ tí kò ní òjé jẹ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lá àlá rẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Ó sì wà láàyè síbẹ̀: inú fóònù tí ó wà ní àpò yín, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ń pa mànàmáná mọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí a fi bárìọ́mù títánétì ṣe.

Òjé ni àbúrò, àbúrò náà sì lágbára ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1952 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àdàlù òjé, sìkóníọ́mù àti títáníọ́mù wò. Ní ọdún 1954, Bernard Jaffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington kéde pé bí ìwọ̀n sìkóníọ́mù àti ti títáníọ́mù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, amọ̀ náà a máa ṣiṣẹ́ dáadáa ju bárìọ́mù títánétì lọ. Ẹ̀yin ará ẹnu ibodè ni ìdí rẹ̀ yóò yé jù. Nígbà tí sìkóníọ́mù bá pọ̀, àwọn yàrá inú amọ̀ náà a gba ìrí kan; nígbà tí títáníọ́mù bá pọ̀, wọn a gba ìrí mìíràn. Ní ìwọ̀n nǹkan bí 52 sí 48, amọ̀ náà dúró sí ẹnu ibodè àwọn ìrí méjèèjì. Ẹ sì mọ bí ará ẹnu ibodè ti rí: ó ń sọ Yorùbá, kí o tó ṣẹ́jú ó ti yí i sí Ègùn, náírà wà ní àpò kan, sẹ́fà wà ní àpò kejì, kò nira fún un láti yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yàrá inú amọ̀ olójé. Wọ́n ń yí ojú wọn padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, nítorí náà agbára kékeré ni ó tó láti mú mànàmáná púpọ̀ jáde lára wọn. Láàrin ọdún díẹ̀, ó ti lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ títẹ̀ àti gbígbọ̀n.

Nísinsìnyí, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ òjé? Òjé a máa fara wé kálísíọ́mù, èyí tí eegun àti ọpọlọ ń lò. Ara ọmọdé a sì gbà á wọlé bí ẹni gba àlejò tí ó wọ aṣọ ará ilé. Ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì ń kọjá láti ara ìyá sí ọmọ inú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò mọ ìwọ̀n kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi léwu. Ní ọdún 2010, ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ ní àyíká ilé, ó ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n yẹ tìróò tí a ń lé sí ojú rẹ̀ wò, ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ òjé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣì ń lé tìróò fún ọmọ tuntun, a fi ọ̀rọ̀ yìí lé yín lọ́wọ́ kí a tó máa bá tiwa lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, "Òjé inú láítà kan ha tó nǹkan? Ṣé kì í ṣe òjé inú bátìrì ọkọ̀ ni ó pọ̀?" Òtítọ́ ni. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ kan ṣoṣo pọ̀ ju ti láítà ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ, àwọn tí ń yọ́ bátìrì ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, sì ti fi hàn wá irú ohun tí òjé ń ṣe sí ilẹ̀ àti sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bátìrì tóbi, ó ní iye lórí, àwọn ènìyàn ń rà á jọ. Ta ni yóò ra amọ̀ tí kò tó èékánná inú láítà? Ààtàn ni ó ń lọ. A sì mọ̀ pé ẹrù tòkunbọ̀ kì í fi ilẹ̀ wa sílẹ̀: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹ̀rọ oníná àlòkù tí ń gba ibẹ̀ wọlé tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, apá kan nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ kí ó tó dé. Èyí tí ń gba ẹnu ibodè tiwa wọlé kò sí nínú ìṣirò náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ pátápátá, a ń fọ́ ọ, a ń sun ún láti yọ bàbà inú rẹ̀, ohun tí ó kù a sì máa bá òjò lọ sínú ilẹ̀.

Ibi kejì tí òjé ti ń pa ènìyàn lára ni ibi tí a ti ń sun amọ̀ náà. Ẹ̀fúùfù òjé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun òjé tí a dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn a máa yọ́ ní ìwọ̀n 888, bẹ́ẹ̀ sì ni a ní láti sun amọ̀ olójé ní ìwọ̀n 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tó jinná, apá kan nínú òjé rẹ̀ ti di èéfín. Àwọn tí ń sun ún a máa dé e mọ́ inú ìkòkò kékeré, wọn a sì fi ìyẹ̀fun olójé mìíràn yí i ká, kí èéfín má bàa jáde. Síbẹ̀ díẹ̀ a máa jáde.

Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní òdì. Òjé tí ó wà ní orí ẹ̀rọ síkáànì kì í fi ara kan aboyún. A ti sun ún di òkúta, a sì ti fi rọ́bà àti àwọn ohun mìíràn bò ó. Aboyún tí ó bá kọ síkáànì nítorí òjé ti sá fún òjìji, ó sì ti fi ara rẹ̀ fún ewu tòótọ́. Láítà gáàsì pẹ̀lú kò léwu ní ọwọ́ ẹni tí ń lò ó. Ẹni tí ó fọ́ ọ, tí ó fún ọmọdé ní ẹ̀yà inú rẹ̀ ṣeré, tàbí tí ó jù ú sínú iná, ni ó ń wá wàhálà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí amọ̀kòkò ní láti fi òjé sílẹ̀. Ìkòkò tiwa kì í dán bí dígí, nítorí náà òjé kò wọ inú iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n àwọn amọ̀kòkò Yúróòpù fi òjé dán àwo fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Michael Cardew pàápàá lò ó ní Winchcombe ní England. Nígbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí, ní ọdún 1951, iná líle ni ó fi ń sun amọ̀, eérú igi àti òkúta lílọ̀ ni ó sì fi ń mú un dán. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà, ti darapọ̀ mọ́ ọn ní 1954. Iná líle àti eérú ni wọ́n fi rọ́pò òjé. Ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀nà tí amọ̀ mànàmáná ń tọ̀ lónìí kò jìnnà sí èyí.

Nínú àwọn amọ̀ mànàmáná aláìlójé, ọ̀kan wà tí ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é. Àkọ́kọ́ ni pọtásíọ́mù, èyí tí ẹ̀yin tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ń rí nínú omi eérú tí ẹ ń sẹ́. Èkejì ni sódíọ́mù, ìbátan èyí tí ó wà nínú káún. Ẹ̀kẹta ni nìóbíọ́mù, tí a ń yọ láti inú òkúta dúdú wúwo kan tí a ń pè ní kọ́lọ́mbáìtì. Fún ọdún púpọ̀ ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, láti ẹ̀bá Jos ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú kọ́lọ́mbáìtì tí ayé ń lò ti ń wá. Ó wà ní Ìjerò-Èkìtì pẹ̀lú. Brazil ni ó ń tà á jù nísinsìnyí. Ẹ má ṣe rò pé a lè bu eérú ìdí ààrò kí a sì fi ṣe é. Èyí tí a ń lò gbọ́dọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò fi tó ìdá kan nínú 100.

Bí a bá fẹ́ gíráàmù 100 àdàlù, a ó wọn ìyẹ̀fun pọtásíọ́mù kábónétì gíráàmù 17.8, ti sódíọ́mù 13.7, àti ti nìóbíọ́mù 68.5. Ó dàbí ohun tí ó rọrùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣubú. Ẹni tí ó bá ti gbàgbé eérú ọṣẹ sílẹ̀ láìdé rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé ó ti rin. Pọtásíọ́mù kábónétì ń mu omi inú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí a bá wọn gíráàmù 17.8 nígbà tí omi ti wà nínú rẹ̀, omi ni a wọ̀n fún apá kan, pọtásíọ́mù yóò sì dín, amọ̀ náà kì yóò sì dára láé bí ó ti wù kí a sun ún tó. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ìyẹ̀fun náà nínú ààrò ní ìwọ̀n nǹkan bí 200 fún wákàtí díẹ̀, kí a sì wọ̀n ọ́n kíákíá kí ó tó mu omi mìíràn. Ní ilẹ̀ wa, ní oṣù Okudu àti Agẹmọ tí afẹ́fẹ́ ń kún fún omi, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ṣe ìmẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni lílọ̀. A ó da ìyẹ̀fun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agolo pẹ̀lú ọmọ òkúta líle róbótó róbótó, a ó bu ọtí líle sí i, agolo yóò sì máa yí fún ọ̀sán kan àti òru kan. Ọtí ni a ń lò, a kì í lo omi, nítorí omi yóò yọ́ pọtásíọ́mù àti sódíọ́mù, nígbà tí a bá sì ń gbẹ ẹ́, wọn yóò ya ara wọn sọ́tọ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, iná àkọ́kọ́ dé: nǹkan bí ìwọ̀n 850, fún wákàtí bíi 4. Èyí kì í ṣe iná tí ń mú un le. Iná ìgbéyàwó ni, nínú èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ kábónì a sì jáde kúrò nínú rẹ̀. Gíráàmù 100 tí a gbé wọlé yóò ku nǹkan bí 88.7. Bí òṣùwọ̀n bá fi ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn, kò tíì jinná. A ó tún un lọ̀.

A ó wá fi lẹ́ẹ̀ díẹ̀ pò ó, bí a ti ń fi omi díẹ̀ rin amọ̀ kí ó lè di ara rẹ̀ mú, a ó sì fi irin tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ, ó lè má tóbi ju owó ẹyọ lọ. A ó fi sùúrù sun lẹ́ẹ̀ náà kúrò ní ìwọ̀n 500 sí 600. Gbogbo amọ̀kòkò ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ tán kí a tó fi iná sí i: yóò bú. Ohun kan náà ni.

Iná kejì ni ìdánwò ńlá. Amọ̀ yìí kì í ki bí ooru kò bá ju ìwọ̀n 1,050 lọ. Ihò yóò kún inú rẹ̀, mànàmáná líle yóò sì fò la inú rẹ̀ kọjá nígbà tí a bá fẹ́ yí ojú àwọn yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ooru bá dé nǹkan bí 1,140, yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Láàrin méjèèjì ni àyè tóóró wà, ẹni tí ó bá sì ń sún mọ́ òkè rẹ̀ yóò rí i pé pọtásíọ́mù àti sódíọ́mù ń di èéfín, gẹ́gẹ́ bí òjé ti ń ṣe. Èyí ni ohun tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: a sá fún òjé tí ń fò, a bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì mìíràn tí ń fò. Ìyàtọ̀ ni pé èéfín tiwọn kì í kó ọpọlọ ọmọ jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí wọ́n bá lọ tán, ohun tí ó kù yóò ní irú ìyẹ̀fun mìíràn nínú tí ń mu omi, pẹlẹbẹ tí ó jáde láti inú iléru ní líle dáradára yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wó di ìyẹ̀fun lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, lórí tábìlì, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Òògùn rẹ̀ ni kí a bo pẹlẹbẹ náà mọ́ inú ìyẹ̀fun ara rẹ̀ nínú ìkòkò onídérí, kí a fi bàbà oníyẹ̀fun díẹ̀ sí i kí ó lè ki ní iná tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí a sì máa ṣọ́ iná náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà tí omi rẹ̀ ń tán lọ. Nígbà tí ó bá tutù, a ó wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́ àti nínú omi. Bí ìwọ̀nba kúùbù sẹ̀ǹtímítà kan bá sún mọ́ gíráàmù 4.5, ó ti ki.

Èyí tí ó kù yá. A ó fi fàdákà kun ojú rẹ̀ méjèèjì, a ó rì í sínú òróró gbígbóná ní ìwọ̀n 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì gbé mànàmáná 3,000 tàbí 4,000 fóòtì lé e fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan nínípọn rẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. A ó jẹ́ kí ó tutù nígbà tí mànàmáná náà ṣì wà lórí rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kí ó tó tutù, àwọn yàrá rẹ̀ yóò tún tú ká.

Ní ọdún 1959 ni Egerton àti Dillon ṣe amọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ iye mànàmáná tí amọ̀ ń tú jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ 80. Amọ̀ olójé a máa kọjá 300. Nítorí náà a gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ọdún 2004 ni Yasuyoshi Saito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tún gbé e dìde. Wọ́n fi lítíọ́mù, tántálọ́mù àti áńtímónì díẹ̀ sí i láti fà á wá sí ẹnu ibodè ìrí méjì, gẹ́gẹ́ bí Jaffe ti ṣe fún òjé. Wọ́n sì tún to àwọn horo inú rẹ̀, kí gbogbo wọn lè dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan, bí ẹni to bẹ́ẹ̀rẹ̀ sórí òrùlé. Ó dé 416. Gbogbo ayé tún yíjú sí i láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ibodè tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti òjé. Ibodè ti òjé dúró sí ojú kan, yálà oòrùn mú tàbí ó tutù. Ti èyí ń rìn bí ooru ti ń yí padà, nítorí náà amọ̀ tí ó dára ní òwúrọ̀ lè má ṣe dáradára bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ó ti gbóná. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Xi'an ní China ṣe ẹ̀yà mìíràn ní 2009 láti inú bárìọ́mù, kálísíọ́mù, títáníọ́mù àti sìkóníọ́mù, ó sì dé 620, ó ju ọ̀pọ̀ olójé lọ. Ní ìwọ̀n 93 péré ni agbára rẹ̀ ń pin; omi tí a ń fi ṣe tíì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun bárìọ́mù kábónétì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ májèlé fún ẹni tí ó bá gbé e mì, àní wọ́n ti fi ṣe oògùn eku rí. Lẹ́yìn tí iná bá ti mú un ni ó tó di aláìléwu.

A kò sì gbọdọ̀ fi ojú fo ọ̀rọ̀ nìóbíọ́mù. Ní ọdún 2016, Taofeeq Ibn-Mohammed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield ní England gbé ìṣirò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti tẹ̀lé amọ̀ olójé àti amọ̀ onínìóbíọ́mù láti inú ilẹ̀ dé ilé-iṣẹ́. Wọ́n rí i pé wíwà àti fífọ nìóbíọ́mù ń ba ilẹ̀ àti omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́ ju ti ìyẹ̀fun òjé lọ. Àwọn kan bínú sí ìṣirò náà. Àwa rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ọ, nítorí ẹni tí ó bá ti rí àwọn kòtò omi tí ìwakùsà fi sílẹ̀ ní ẹ̀bá Jos mọ̀ pé ohun tí kò pa ọmọ ní ìdí ààtàn lè ti ba oko ẹlòmíràn jẹ́ níbi tí a ti wà á. Síbẹ̀ kòtò kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a kò tíì bí, ìdí nìyí tí a fi gbà pé kí iṣẹ́ náà máa lọ.

Ní ọdún 2003 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin pé òjé kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ nínú àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ oníná, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ọdún 2006. Wọ́n yọ amọ̀ mànàmáná sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí èyí tí ó lè rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́. Wọ́n sì ti sún àyè náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbàkúùgbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi àwọn tí ń ṣe é: iṣẹ́ wo ni aláìlójé ti tó ṣe báyìí? Ti láítà gáàsì kò le, nítorí kò bèèrè ju kí ó lè gba ìlù òòlù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, kí ooru ìdí ààrò má sì pa á. Amọ̀ pọtásíọ́mù àti sódíọ́mù tí a ti ṣàlàyé yìí kì í sọ agbára rẹ̀ nù títí ooru yóò fi ju ìwọ̀n 400 lọ. Ti orí ẹ̀rọ síkáànì ni ó ṣòro jù lọ. Níbẹ̀, amọ̀ kan náà ni ó ní láti ké, tí ó sì ní láti gbọ́ ìdáhùn tí ó kéré púpọ̀ láti inú ikùn ìyá, bí ìdáhùn náà bá sì dín díẹ̀, àwòrán ọkàn ọmọ kì yóò hàn kedere.